Bàbá Ìbejì oníkòkó: òṣì ò fún un láyọ̀, owó náà ò fún un

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an ló ní kí n kọ ọ́, ó ní tí mo bá ti lè yọ orúkọ òun àti orúkọ ìjọ wa kúrò, kí n kọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, kí n má bù mọ́ ọn kí n má sì bù kúrò níbẹ̀. Bàbá Ìbejì la ó máa pè é, ṣèbí ìbejì ló bí, ọkùnrin kan obìnrin kan, wọ́n ti wà ní sẹ́kọ́ndírì báyìí. Iléṣà níbí ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní Sọ́ńdè Sùkúù nínú ìjọ wa, mo sì tún wà nínú kọmitíì tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí mi ò sí, òun àti ìyàwó ẹ̀ ló sọ fún mi, níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò bá sì ti bára mu màá sọ.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ mọ irú ìṣẹ́ tó ṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ra kòkó ló ti ń gbé àpò, òun ló ń gbé e gun síkéèlì, òun ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí kòkó bá sì tutù òun náà ló máa tú u sórí tapólì láti sá a. Àpò kòkó kan tó kílò 64, àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, láti oṣù kẹwàá títí wọ inú ọdún tuntun tí kòkó máa ń pọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ kì í nà tán tó bá fi máa délé lálẹ́. Rúùmù kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé ní Bọ́lọ́rundúró, Ìyá Ìbejì ń ta ẹ̀lùbọ́ àti gàrí níwájú ilé, tí owó ilé ìwé bá sì dé, inú owó gàrí yẹn náà ni wọ́n á ti yọ ọ́, tí ọjà á wá kéré sí i.

Ṣé ẹ rò pé òṣì yẹn jẹ́ kó sún mọ́ Ọlọ́run? Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn ni. Kò sí ẹ̀kọ́ tá a máa kọ́ ní kíláàsì, kó dẹ̀ jẹ́ ti Nóà àti ọkọ̀ ojú omi, tí Bàbá Ìbejì ò ní nawọ́ sókè kó fi ràkúnmí àti ojú abẹ́rẹ́ parí ẹ̀. Olówó ò ní wọ ìjọba ọ̀run, ó ti tán. Ó máa ń sọ pé tálákà ni Jésù, torí náà òun gan-an lòun jọ Jésù jù nínú ìjọ yìí. Tí ìsìn bá parí, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, á máa wo ẹni tó ń wọ mọ́tò jáde, á máa sọ nǹkan tó rò pé wọ́n ṣe kówó náà tó dé. Ọdún kan wà tí kọmitíì wa pín ìrẹsì àti òróró fáwọn ìdílé kan nígbà Kérésì, a gbé tiẹ̀ dé ilé, ó gbà á, ó kí wa dáadáa, àfìgbà tó di ìsìn ọdún tuntun tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀rí, ló bá dìde, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń fi àjẹkù àwọn ọlọ́rọ̀ bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀ tẹrí mọ́lẹ̀, mo rí i.

Ìyá Ìbejì sọ pé tó bá délé kì í sọ̀rọ̀. Bàbá Ìbejì ní irọ́ ni, ó ní òun máa ń sọ̀rọ̀, pé ó kàn ń rẹ òun ni. Ẹ fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí bàbá tó bí i lọ́mọ kú ni nǹkan yí. Bàbá yẹn ní oko kòkó kan lọ́nà Ìperíndó, oko àtijọ́ ni, igi ti dàgbà, wọ́n tiẹ̀ ti pa apá kan tì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan wà l'Ékòó, wọ́n pè é kó wá gba tiẹ̀, ó ní kí lòun fẹ́ fi igbó ṣe, kí Bàbá Ìbejì máa bójú tó o. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ní Sátidé, ó ń fín in, ó ń gé àfòmọ́ orí igi. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni iye kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ẹ rántí, kò sí àlàyé tí mo fẹ́ ṣe fún yín. Fún àwọn tí ò sí nílé: Ivory Coast àti Gánà ló ń kó ju ìdajì kòkó ayé lọ, ìgbà tí ojú ọjọ́ àti àìsàn igi bá wọn jà, kòkó wọ́n gógó lọ́jà àgbáyé. Oṣù kẹta ọdún 2024 ló kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan, kí ọdún yẹn tó parí ó ti ju dọ́là 12,000 lọ. Náírà tiwa sì ti já lulẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, torí náà dọ́là kan tó wọlé, òbítíbitì náírà ló ń dà. Láti 1986 tí ìjọba ti tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó ń dá iye lé e fún àgbẹ̀, bó bá ṣe rí lókè òkun náà ló ṣe máa dé oko. Èèyàn tí kò rówó ra bàtà fọ́mọ lánàá, kòkó àpò díẹ̀ ló fi ra ọ̀kadà lónìí.

Bàbá Ìbejì ò kàn ta kòkó oko nìkan. Ó ti mọ iṣẹ́ náà látinú, ó mọ èyí tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ, ó kàn máa ki ọwọ́ bọ inú àpò, á fọ́ hóró kan sí méjì, á ti mọ̀. Ló bá ra síkéèlì tiẹ̀, ó gba ìsọ̀ kan lójú títì, ó ń lọ sí abúlé dé abúlé ó ń rà. Kò pẹ́ tó fi ń ra kòkó ju ọ̀gá tó bá gbé àpò lọ. Ó ra jíìpù, tòkúnbọ̀ ni ṣùgbọ́n ó mọ́, ó ra ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ilé, wọ́n kó kúrò ní rúùmù àti pálọ̀. Ní ọjọ́ ìkórè ìjọ ọdún yẹn, wọ́n pè é sórí ìjókòó iwájú, wọ́n so òdòdó mọ́ ọn láyà, ó ṣe nǹkan ńlá, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ràkúnmí àti abẹ́rẹ́? A ò gbọ́ nípa ẹ̀ mọ́. Ìgbà kan tí ẹ̀kọ́ gbé wa dé orí ẹsẹ yẹn gan-an, ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé géètì kékeré kan ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń pè ní ojú abẹ́rẹ́, pé ràkúnmí lè kúnlẹ̀ gbabẹ̀ kọjá. Mo rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn, mi ò lè pa á mọ́ra. Kò sí ẹ̀rí kankan pé irú géètì bẹ́ẹ̀ wà nígbà ayé Jésù, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹ má bínú tí mo bá pẹ́ díẹ̀ níbi tó kàn yìí, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń fò. Wọ́n á ní ó di olówó, ó bàjẹ́, ó gbàgbé Ọlọ́run. Rárá o. Kò mu ọtí, kò fẹ́ ìyàwó kejì, kò pa ìsìn Sọ́ńdè jẹ. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé kò gbádùn ìṣẹ́jú kan nínú owó náà. Àwọn olè ti ń wọ oko lóru nígbà yẹn, wọ́n ń já kòkó tútù lórí igi, àwọn ọdẹ tó háyà láti máa ṣọ́ ọ, kò fọkàn tán wọn, òun náà ń sùn sóko. Tó bá sùn sílé, á ti yàrá pa tó bá ń kówó jọ, títí kan àwọn ìbejì, wọn ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin ẹ̀ sọ fún ìyá ẹ̀ pé ìgbà tí bàbá àwọn ń gbé àpò, ó máa ń jẹ́ káwọn gun ẹ̀yìn ẹ̀. Iye kòkó ní London wà lórí fóònù ẹ̀, ojúmọ́ kì í mọ́ kó má kọ́kọ́ wò ó. Sọ́ńdè kan a ń jẹ oúnjẹ Olúwa, gbogbo ìjọ dákẹ́, àwo ń bọ̀ láti orí ìjókòó kan dé èkejì, mo wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, fóònù wà láàárín Bíbélì Bàbá Ìbejì, iná ẹ̀ ń tàn, ó ń fi àtàńpàkò yí i lọ sókè. Nígbà tí àwo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò mọ̀, ẹni tó jókòó tì í ló fọwọ́ kàn án.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ní ọsibítù, ó ga. Dókítà ní kó má ronú. Ó ní kí ni kóun má ronú nípa ẹ̀?

Ìyá Ìbejì ló sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nígbà yẹn tí mi ò gbàgbé. Wọ́n ti ní jenerétọ̀, wọ́n ti ní fíríìjì ńlá, ó wá bá mi nípa gbígba àdúrà fún ọkọ ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tá ò ní, owó olówó ló ń kà. Ìgbà tá a wá ní, ó ń ka tiẹ̀, ó tún ń ka tàwọn yẹn mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìṣirò kàn wá di méjì ni." Mo ní kí lòun fẹ́ ká gbàdúrà fún gan-an. Ó ní òun ò mọ̀, pé òun ò lè ní kí Ọlọ́run gba owó, torí òun náà mọ ohun tí ebi jẹ́.

Ìyẹn ni mo ṣe máa ń bá àwọn oníwàásù méjì jà lọ́kàn mi. Àwọn kan wà tí wọ́n á sọ pé tó o bá ní ìgbàgbọ́ o ò ní tòṣì, wọ́n á fi jíìpù ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run wà. Àwọn kejì, wọn ò pọ̀ tó àwọn ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n wọ́n wà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bíi pé òṣì fúnra ẹ̀ mọ́, pé ẹni tí kò ní ti sún mọ́ ọ̀run jù. Àwọn méjèèjì ò kúrò lórí owó! Ọ̀kan ń sìn ín, èkejì ń kanrí mọ́ ọn. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òtítọ́ ni, ìdí tá a fi ń pín ìrẹsì nìyẹn, a ò ní dẹ́kun ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí inú èèyàn dùn, ìyẹn yàtọ̀ sí kí ikùn ẹ̀ kún.

Ó dáa, ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 2025, gbogbo ènìyàn ń sọ pé kòkó ṣì ń gòkè, pé ó máa dé dọ́là 15,000. Bàbá Ìbejì yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan, owó ńlá, ó fi ra kòkó olówó gọbọi, ó kó o sínú ìsọ̀ dé òrùlé, ó ní òun ò tà. Oṣù ń gorí oṣù, ó ń wo fóònù, iye ń rẹlẹ̀, ó ní á tún gòkè. Òjò dé, ìsọ̀ yẹn ò fẹ́ atẹ́gùn dáadáa, àwọn àpò tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun. Kí ọdún 2025 tó parí, kòkó tó ju dọ́là 12,000 lọ ti wá sí nǹkan bíi 6,000. Ó tà á bẹ́ẹ̀, èyí tó hu, wọ́n tún yọ owó níbẹ̀. Jíìpù lọ. Ilé dúró lórí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, títí di òní ó wà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí owó alájẹsẹ́kù ò wọlé, ìyá àgbà kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ náà wá sílé. Ẹ mọ àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ tó ń ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n á ta aṣọ láwìn, tí ọjọ́ bá pé wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Ìyá yìí ò lóṣòó o, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, àga ni wọ́n gbé dání. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, wọ́n jókòó, wọ́n yọ súwẹ́tà tí wọ́n ń hun jáde. Wọ́n ní, "Ọmọ Òṣómàáló ni mí, bàbá mi gba owó ní Ìbàdàn, ó gbà á l'Ọ́ṣogbo, Iléṣà ni mo ti fẹ́ gbà tèmi." Ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ni Bàbá Ìbejì gbà jáde ọjọ́ yẹn, Ìkéjì-Arákejì ló sì kọrí sí.

Ẹni tó mọ ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá wà ní 1928, ó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, tí ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì, tó gbọ́ ohùn tó ń pè é. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọdún 1930 ló sì wá sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà níbí, tí ìsọjí ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀, tí èrò ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Lóòótọ́ àwọn èèyàn ṣì ń lọ gbàdúrà ní Ìkéjì títí dòní, Bàbá Ìbejì sì lọ láti lọ gba ààwẹ̀ kí kòkó lè gòkè padà. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, kò fi bò.

Ó ní bàbá arúgbó kan wà nítòsí tó ń gbàdúrà tiẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, bàbá náà pè é, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ò ní bínú? Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ẹ, kòkó lò ń pè. Orúkọ Jésù, ìparí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ, tó o bá fẹ́ ṣe àmín." Ó ní inú bí òun, òun fèsì pé ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló ní kéèyàn béèrè ni. Bàbá ní Ọlọ́run ló ní kéèyàn béèrè lóòótọ́. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́ sọ fáwọn, ká ní Ọlọ́run ní òun ò ní dá kòkó yẹn padà, ṣùgbọ́n òun náà wà ńbí, ṣé á ṣì fẹ́ jókòó ti òun díẹ̀? Bàbá Ìbejì ní òun ò rí èsì. Ó dìde, ó bọ́ sí títì, ó wọ mọ́tò. Ó ní gbogbo ojú ọ̀nà títí dé Iléṣà lòun fi ń wá èsì tí òun ì bá fọ̀ fún bàbá yẹn, kò sí.

Àwọn kan máa fẹ́ kí n sọ pé Ìkéjì yẹn náà ló ti rí ayọ̀. Kò rí i. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ńṣe ló dákẹ́ jù tẹ́lẹ̀ lọ, ó padà sí ẹ̀yìn ní kíláàsì, kò nawọ́ mọ́. Ìwé Fílípì la wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Mo sọ fún kíláàsì pé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tó fi kọ ọ́, kì í ṣe pé ó ń gbádùn tó fi ń sọ pé kí wọ́n máa yọ̀. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń wà nínú àìní, òun mọ bí wọ́n ṣe ń wà nínú ọ̀pọ̀, òun ti kọ́ ìtẹ́lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n fojú sí i pé ó ní òun *kọ́* ọ ni. Mo tún ní kí wọ́n wo àwọn tó ń kọ̀wé sí. Nínú Ìṣe orí 16, ẹni àkọ́kọ́ tó gba ọ̀rọ̀ náà ní Fílípì ni Lìdíà, oníṣòwò aṣọ elése-àlùkò, obìnrin tó rí jájẹ dáadáa, ilé ẹ̀ tóbi tó láti gba àlejò. Ẹnì kejì, onítúbú tó fẹ́ fi idà gún ara ẹ̀ lóru. Nínú Kọ́ríńtì kejì orí 8, Pọ́ọ̀lù tún ń ròyìn àwọn ìjọ Makedóníà, agbègbè tí Fílípì wà náà nìyẹn, ó ní òṣì wọn pọ̀ gan-an, ayọ̀ wọn sì pọ̀. Ìjọ kan náà. Oníṣòwò wà níbẹ̀, òtòṣì wà níbẹ̀, wọn ò ní kí Lìdíà lọ di òtòṣì kó tó lè yọ̀, wọn ò ní kí onítúbú kọ́kọ́ lówó.

Ìyá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kan nínú kíláàsì wa ní ẹsẹ tó wà nínú Òwe 30 lòun fẹ́ràn jù, àdúrà Ágúrì, "má ṣe fún mi ní òṣì, má ṣe fún mi ní ọrọ̀." Wọ́n ní pénṣọ̀n òun ti bá òun dáhùn apá kejì. A rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ìbejì nawọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí n bi yín. Ẹ ní Pọ́ọ̀lù wà nínú méjèèjì. Èmi náà ti wà nínú méjèèjì. Kí ló dé tí èmi ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀?"

Mo ní kó jẹ́ ká ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, kó kà á fúnra ẹ̀. Ó kà á: òun lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi tó ń fi agbára fún òun. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ń wo Bíbélì, ó ní, "Síkéèlì mi ń jẹ." Àwọn kan ò gbọ́ ọ. Ó ní síkéèlì tóun fi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn ará abúlé nígbà tí nǹkan dáa, òun ti fọwọ́ kàn án, ó ń jẹ kílò mélòó kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan, òun sì mọ orúkọ àwọn tóun rà lọ́wọ́ wọn. Ó ní láti ìgbà tóun ti dé láti Ìkéjì, gbogbo ìgbà tóun bá fẹ́ jókòó ti Jésù bí bàbá yẹn ṣe sọ, síkéèlì yẹn lòun máa ń rí.

Ẹ̀yin ará, kọmitíì pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ó ní òun fẹ́ lọ dá owó àwọn àgbẹ̀ padà. Àwọn kan ní owó wo, ṣé òun kọ́ ló jẹ alájẹsẹ́kù, kó san gbèsè tí wọ́n mọ̀ kó tó lọ wá èyí tí wọn ò mọ̀. Díákónì kan ní tó bá lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní abúlé, kò sẹ́ni tó máa ta kòkó fún un mọ́ láyé, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ? Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò ní parọ́. Èmi wà lẹ́yìn Bàbá Ìbejì. Òwe 11 ti sọ pé ìwọ̀n èké ìríra ni lójú Olúwa, Sákéù agbowó-orí inú Bíbélì náà ò sì ní kóun kọ́kọ́ ṣètò ara òun kí òun tó dá ìlọ́po mẹ́rin padà. Nígbẹ̀yìn a ní kó lọ bá ìyá akápò kọ́kọ́, kó sọ òtítọ́ fún wọn, kí wọ́n jọ ṣètò bí á ṣe máa san án, kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde mọ́.

Ó lọ, Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e. Ìyá akápò gbọ́ ọ, wọ́n bú u dáadáa, wọ́n wá ní kó máa mú iye kan wá lóṣooṣù. Lẹ́yìn ìyẹn la wá lọ sí abúlé. Mo bá a lọ sí èyí àkọ́kọ́. Wọ́n ń fọ́ kòkó lọ́wọ́ nígbà tá a débẹ̀, àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ká, àdá ń ró pò pò lára èèpo, wọ́n ń wa hóró funfun sínú agbọ̀n. Ó kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ni oko, ó sì sọ nǹkan tó ṣe. Bàbá wò ó. Wọ́n ní, "A mọ̀." Bàbá Ìbejì ní ẹ mọ̀? Wọ́n ní gbogbo yín lẹ̀ ń ṣe é, tìẹ tiẹ̀ kéré, ti ọ̀gá ẹ ló burú. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gba owó díẹ̀ tó mú dání, wọ́n kà á lójú wa, wọ́n ní ó kù. Ní abúlé kejì, wọ́n sọ pé ọkùnrin kan lé e tòun ti igi ni, èmi ò sí níbẹ̀, òun ní kò tó bẹ́ẹ̀, pé igi ni ọkùnrin náà ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù. Kì í ṣe pé owó kan dé. Ó ní alẹ́ tí wọ́n ti abúlé àkọ́kọ́ dé, ọkọ òun jẹ iyán, ó kó abọ́ lọ fọ̀ fúnra ẹ̀, ó ń kọrin, àwọn ìbejì ń wo ara wọn. Ó ní ó sùn títí tí àkùkọ fi kọ, kò dìde wo fóònù. Nígbà tí mo bi òun fúnra ẹ̀ léèrè, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀, pé gbèsè wà níbẹ̀ bó ṣe wà, pé kòkó tún rẹlẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, òun sì gbọ́, àyà òun ò já. Ó ní tẹ́lẹ̀ tóun bá ń gbàdúrà, bíi kéèyàn máa kan ilẹ̀kùn ọ̀gá tó fẹ́ yá a lówó ló rí, báyìí òun kàn ń wọlé ni. Ìgbà tí ìrẹsì Kérésì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní 2025, ó gbà á, ó bi wá bóyá òróró ṣì kù, ó sì tọ́ka sí ìdílé kan ládùúgbò ẹ̀ tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé wa.

Ẹnì kan nínú ìjọ sọ fún mi pé ó rọrùn fún un láti láyọ̀ nísinsìnyí torí kò ní nǹkan tó máa pàdánù mọ́. Irọ́ ni. Oko kòkó yẹn ṣì jẹ́ tiẹ̀, ó ń so, kòkó tó rẹlẹ̀ yìí náà ṣì ju ti ìgbà tó ń gbé àpò lọ fíìfíì. Ó ń ra kòkó díẹ̀díẹ̀, síkéèlì tuntun ló ń lò, kó tó wọn ohunkóhun ó máa ní kí àgbẹ̀ fúnra ẹ̀ gun orí ẹ̀ wò. Àwọn kan ti ń pè é ní oníkòkó alálelúyà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó sì ṣì máa ń bínú o, mo ti rí i níbi tó ti ń bá ẹni tó kó kòkó tútù wá jà, ohùn ẹ̀ dé òdìkejì títì.

Nǹkan tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà l'Ékòó. Ó ti gbọ́ iye tí kòkó ń lọ, igbó tí ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe nígbà yẹn, ó ti fẹ́ ẹ báyìí, ó ní kí wọ́n pín oko sí méjì tàbí kí wọ́n tà á. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní kí Bàbá Ìbejì má gbà, òun ló tún un ṣe. Ó ní òun á gbà kí wọ́n pín in sí méjì bí ẹ̀gbọ́n bá ní kí wọ́n pín in, ṣùgbọ́n òun ò ní gbà kí wọ́n tà á, torí ibẹ̀ ni owó alájẹsẹ́kù àti ti àwọn àgbẹ̀ ti ń jáde. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí di Sátidé tó ń bọ̀, ó ní kí n bá òun lọ, ìyá akápò náà ní àwọn ń bọ̀, wọ́n ní wọ́n á gbé àga wọn dání.